Bí a Ṣe Ń Fi Ìrìn àti Ìrísí Dá Àwọn Kòkòrò Inú Odò Mọ̀

Bí a bá yí òkúta padà nínú odò tó ń ṣàn lórí àpáta, irú èyí tó pọ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, a óò rí àwọn ẹ̀dá tíńtìntín tó ń rá kiri lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ kòkòrò tí kò tíì hu ìyẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ dá wọn mọ̀ yóò dà wọ́n láàyè sínú abọ́ funfun pẹrẹsẹ tí ó ti bu omi odò náà sí, yóò sì dúró títí ara wọn yóò fi balẹ̀. Ìrìn wọn ló yẹ kí ó kọ́kọ́ wò, nítorí pé kòkòrò tó ti kú kò lè fi ẹ̀rí yẹn hàn mọ́.

Ọmọ lámilámi tó ki pọ́pọ́ máa ń fa omi sínú ìdí, yóò sì tú u jáde tagbáratagbára, èyí tí yóò mú un ta síwájú lójijì. Ìbátan rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ ní ẹ̀yà mẹ́ta tó rí pẹlẹbẹ ní ìdí, tí ó fi ń mí, ó sì máa ń ju ara sọ́tùn-ún sósì bí ẹja.

Àwọn tó ń rú ènìyàn lójú jù ni ọmọ mayfly àti ti stonefly, irú kòkòrò méjì tí ọmọ wọn jọra nínú omi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ka ìrù: mẹ́ta fún mayfly, méjì fún stonefly. Àmì yìí kò tó gbára lé, nítorí pé àwọn mayfly kan wà tí ìrù wọn kò ju méjì lọ. Èékánná ló dájú jù: ọ̀kan ṣoṣo ló wà ní ẹsẹ̀ mayfly kọ̀ọ̀kan, méjì ló wà ní ti stonefly. Ẹ̀gbẹ́ ikùn ni ẹ̀yà ìmí mayfly tò sí, nígbà tí ti stonefly inú odò wa ṣù jọ ní àyà, nítòsí ìdí ẹsẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ inú omi abọ́ bá sì ń tán lọ, stonefly á máa gbé ara sókè sódò lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kí omi lè máa fẹ́ lu ẹ̀yà ìmí náà. Nígbà náà, ó yẹ kí a tètè pààrọ̀ omi.

Ìrìn nìkan náà lè tan ni jẹ. Eṣúṣú àti ìdin Simulium, eṣinṣin kékeré tó ń tan àrùn tí ń fọ́ni lójú ní etí odò kálẹ̀, jọ máa ń fi orí di iwájú mú, kí wọ́n tó fa ìdí tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ara eṣúṣú máa ń nà, ó sì máa ń súnkì, ẹ̀yà tó fi ń lẹ̀ mọ́ nǹkan sì wà lórí àti nídìí. Ìdin Simulium ní orí líle, ìdí rẹ̀ wú, ó sì ní ìdì irun méjì lẹ́nu tó fi ń sẹ́ oúnjẹ látinú omi.

Ní ti ìṣáwùrú, ìkarahun ni a ń wò. A óò gbé ṣóńṣó rẹ̀ sókè, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí wa. Bí ẹnu náà bá wà lápá òsì, ó lè jẹ́ Bulinus, irú ìṣáwùrú tí aràn àtọ̀sí ajá, àrùn tó ń mú kí ènìyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀, ń gbé inú rẹ̀. Aràn yìí ń gba awọ ara wọlé láti inú omi, ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ wọ bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà kí a tó wọ odò lọ ṣa ohunkóhun.