Sípíkà kékeré fún DJ: ohun tí wáàtì ara páálí kò sọ

Nọ́ńbà tí wọ́n máa ń kọ gàdàgbà sára páálí sípíkà ni wáàtì: 1000W, 1500W, 2000W. Òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò kí wọ́n tó sanwó. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá sípíkà kan á gbé yàrá tí àádọ́ta èèyàn ti ń jó, nọ́ńbà yẹn kò ní ràn án lọ́wọ́ tó bó ṣe rò. Iye iná tí ẹ̀rọ lè gbà sára ni wáàtì ń sọ, kò sọ iye ohùn tó máa jáde. Àpà ni sípíkà tó bá di ọ̀rọ̀ iná: nínú gbogbo èyí tó wọ inú rẹ̀, ìdá díẹ̀ péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ń di ohùn, ìyókù á di ooru nínú wáyà wẹ́wẹ́ tí wọ́n ká sẹ́yìn wúfà, ìyẹn ojú ńlá inú sípíkà tó ń mú béèsì jáde.

Wáàtì náà sì tún ní ẹ̀tàn nínú. Èyí tí wọ́n kọ peak sí ni ohun tí ẹ̀rọ lè fara dà fún bí ìpajú kan péré. Èyí tó lè máa gbé láti alẹ́ di ìdájí, tí wọ́n ń kọ RMS tàbí continuous sí, sábà máa ń jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀. Sípíkà 1000W orí páálí, 250W ló jẹ́ lójú agbo.

Ohun tó yẹ kí ojú kọ́kọ́ wá nínú ìwé tó bá sípíkà wá ni nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn sí dB, ìyẹn dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì, tí a fi ń wọn bí ohùn ṣe lọ sókè tó. Méjì ni wọ́n. Sensitivity ń sọ bí ohùn ṣe pọ̀ tó ní mítà kan síwájú sípíkà nígbà tí wáàtì kan ṣoṣo bá wọ inú rẹ̀. Max SPL ń sọ ibi tí ohùn lè dé kó tó kọ̀. Sípíkà tó ní ámpìlífáyà nínú sábà máa ń kọ èkejì nìkan.

Ìṣirò wọn kò le. Ìgbàkígbà tí wáàtì bá di ìlọ́po méjì, dB 3 péré ni ohùn fi ń ròkè, etí ẹlòmíì kò tiẹ̀ ní kíyè sí i. Kí etí tó gbà pé ohùn ti di ìlọ́po méjì, ó máa ń tó dB 10, ìyẹn sì ń béèrè wáàtì ìlọ́po mẹ́wàá. Ká mú sípíkà méjì. Àkọ́kọ́ ní sensitivity dB 92, ó sì ń gbé 250W tòótọ́. Èkejì jẹ́ dB 95, 125W. Lára páálí, àkọ́kọ́ ló dà bí alágbára. Tí a bá ṣí wọn dópin, dB 116 ni àwọn méjèèjì máa dé ní mítà kan. Ẹni tó san owó lé wáàtì àkọ́kọ́ kò rí nǹkan kan gbà lé e.

Bí a ṣe jìnnà sí sípíkà tó tún wà láti rò mọ́ ọn. Ní gbangba, tí kò sí ògiri, bí a bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí sípíkà, dB 6 ló ń lọ. dB 116 ní mítà kan di 110 ní mítà méjì, 104 ní mítà mẹ́rin, 98 ní mítà mẹ́jọ. Nínú yàrá, ògiri àti àjà máa ń dá díẹ̀ padà, nítorí náà àdánù náà kò tó bẹ́ẹ̀. Sípíkà kejì tó jọ ti àkọ́kọ́ á tún fi nǹkan bíi dB 3 kún un. Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kan jáde fún àwọn ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ orin: ìpíndọ́gba ohùn láàárín ìṣẹ́jú 15 kò gbọdọ̀ ju dB 100 lọ. Ijó dùn dáadáa ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n orin kì í dúró sójú kan. Ìlù máa ń fò sókè ju ìpíndọ́gba lọ, dB 10 kì í ṣe nǹkan tuntun, àyè fífò yẹn sì gbọ́dọ̀ kù lára ẹ̀rọ. Bí a bá ṣe ìṣirò yìí pọ̀, méjì irú sípíkà tí a ń wí yìí tó yàrá tí àwọn ajó rẹ̀ wà láàárín mítà mẹ́rin sí mẹ́fà.

Ó tó, àfi béèsì. Ibẹ̀ gan-an ni sípíkà kékeré ti máa ń dójú ti olówó rẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe sípíkà ní òfin kan tí wọ́n fi orúkọ J. Anton Hofmann pè, ọ̀kan lára àwọn mẹ́ta tó dá ilé iṣẹ́ KLH sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1957. (Bàbá rẹ̀ ni Josef Hofmann, gbajúmọ̀ atẹdùùrù, ọmọ kò jìnnà sí ohùn.) Òfin náà ní: àpótí kékeré, béèsì tó lọ sísàlẹ̀ gan-an, ohùn púpọ̀ láti inú iná díẹ̀; mú méjì, fi ọ̀kan sílẹ̀. Kò sí ilé iṣẹ́ tó lè fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fúnni. Afẹ́fẹ́ ni béèsì, wúfà gbọ́dọ̀ tì í síwá-sẹ́yìn. Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan (kHz kan jẹ́ Hz ẹgbẹ̀rún kan); bó bá ṣe kéré tó ni béèsì ṣe ń lọ sísàlẹ̀ tó. Kí ohùn 40 Hz tó le bíi ti 80 Hz, afẹ́fẹ́ tí wúfà máa tì gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin. Ojú wúfà ínṣì 12 sì ju ìlọ́po méjì ti ínṣì 8 lọ ní fífẹ̀. Sípíkà tó ṣeé gbé lọ́wọ́ kan ti yan kékeré ná, ó kù kó yan ọ̀kan nínú méjì tó ṣẹ́kù.

Báwo wá ni sípíkà ínṣì 8 ṣe ń lu gbì-gbì nínú ṣọ́ọ̀bù? Iná ni wọ́n fi ń rà á. Ámpìlífáyà òde òní, irú tí wọ́n ń pè ní class D, fúyẹ́, kò wọ́n, kì í sì í gbóná púpọ̀, nítorí náà wọ́n lè rọ́ wáàtì sí wúfà kékeré kó fi tipátipá mú béèsì wá. Kọ̀ǹpútà kékeré tó wà nínú rẹ̀, DSP, ló ń ṣọ́ ọ. Bí ohùn bá kéré, á bu béèsì kún un. Bí ohùn bá ń lọ sókè, tí wúfà ti fẹ́ já, á rọra yọ béèsì náà kúrò. Ohùn olórin á ṣì ga, ìlù á sì di kó-kó-kó. Nínú ṣọ́ọ̀bù, ohùn kì í ga débi tí DSP á fi yọ béèsì. Agogo mẹ́wàá alẹ́, tí agbo ti kún, ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Nítorí èyí, ọ̀nà tó dára jù láti dán sípíkà wò ni kí a mú orin kan tí ìlù rẹ̀ mọ́, tí a mọ̀ bí ẹni mọ owó, ká lù ú jẹ́jẹ́, ká wá máa ṣí i díẹ̀díẹ̀ títí iná pupa tí wọ́n kọ limit sí á fi máa ṣẹ́jú. Kí etí má tẹ̀ lé ẹni tó ń kọrin rárá, ìlù ni kó dì mú. Kí a dúró ní ìṣísẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, kì í ṣe níwájú ẹ̀rọ. Ibi tí ìlù ti dákẹ́ lílu àyà, tí orin ṣì ń pariwo sí i, ibẹ̀ ni òpin sípíkà yẹn fún iṣẹ́ DJ, ohun yòówù kí páálí kọ. Ibòmíì wà tí wọn kò ní jẹ́ kéèyàn ṣí i tó bẹ́ẹ̀. Ìyẹn náà ti sọ nǹkan.

Àwọn nọ́ńbà Hz inú ìwé náà ní ọgbọ́n tiwọn. Bí a bá rí “45 Hz sí 20 kHz”, ká wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá −3 dB ni wọ́n kọ tàbí −10 dB, ìyẹn iye tí ohùn ti fi dínkù níbẹ̀. Ní −10, béèsì yẹn ti lọ sílẹ̀ débi pé ẹni tó ń jó kò ní mọ̀ pé ó wà. Sípíkà kan náà lè jẹ́ 45 ní −10, kó jẹ́ 60 ní −3. Bí wọn kò bá kọ ọ̀kankan, ká gbà pé −10 ni.

Èwo ni kí a wá mú? Fún ìpéjọ tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ju bí wọ́n ṣe ń jó lọ, ínṣì 8 méjì tó. Fún ẹni tó fẹ́ rà lẹ́ẹ̀kan kó má tún wá kún un láìpẹ́, ínṣì 12 méjì ló lérè jù: béèsì rẹ̀ tó jó láìsí sọ́bùwúfà (àpótí ọ̀tọ̀ tó wà fún béèsì nìkan), èyí tí wọ́n fi ike ṣe sì sábà máa ń wúwo tó kílò 15 sí 18, ẹnì kan lè gbé e gun àtẹ̀gùn. Ínṣì 15 olówó pọ́ọ́kú ń fa ojú, ṣùgbọ́n wúfà tó tóbi bẹ́ẹ̀ kì í bá họ́ọ̀nù kékeré òkè rẹ̀, tó ń gbé ohùn tínrín jáde, mu níbi tí ohùn èèyàn wà, ọ̀rọ̀ á máa jáde bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú agbada. Ẹni tí ijó jẹ lógún, tí mọ́tò rẹ̀ sì kéré, á gbádùn ínṣì 8 tàbí 10 méjì pẹ̀lú sọ́bùwúfà ínṣì 12 kan. Sọ́bùwúfà á gba béèsì lọ́wọ́ àwọn kékeré, wọ́n á sì lè kọrin láìmí gúlegúle. Gbígbé ẹrù mẹ́ta ni owó rẹ̀. Sípíkà gbọọrọ tó dúró bí òpó lórí sọ́bùwúfà tirẹ̀ fúyẹ́, ó sì ń tàn ká ẹ̀gbẹ́ dáadáa. Fún yàrá tó fẹ̀ tí kò jìn, ó tọ́.

Bátìrì wúlò níta gbangba, ká sáà wo wákàtí tí wọ́n kọ: ohùn àárín ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Bluetooth wà fún orin tí a fi ń dúró de àlejò. Ó máa ń pẹ́ kó tó sọ ohun tí a fi ránṣẹ́, DJ tó ń so orin méjì pọ̀ kò sì lè fi ohùn tó pẹ́ lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́.

Wáyà ni kí a lò, XLR dára jù. Inú rẹ̀ ni wáyà méjì ti ń gbé orin kan náà, ọ̀kan ní ìdàkejì èkejì. Ariwo tó bá wọ̀ ọ́ lójú ọ̀nà á wọ méjèèjì bákan náà. Nígbà tí sípíkà bá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ariwo á pa ara rẹ̀, orin á kù. Wáyà RCA kò ní ọgbọ́n yìí, kò sì yẹ kó ju mítà díẹ̀ lọ. Ká má sì jẹ́ kí iná míkísà, ẹ̀rọ tí DJ fi ń so orin pọ̀, dúró sí pupa. Limit inú sípíkà ń dáàbò bo sípíkà fúnra rẹ̀, kò lè tún orin tó ti já láti orí míkísà ṣe.

Ibi tí a gbé sípíkà sí lè ṣe ju nọ́ńbà lọ. Ohùn 10 kHz kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta àti ààbọ̀ lọ, ara ẹni tó dúró síwájú á gbé e mì. Ohùn 40 Hz gùn tó mítà mẹ́jọ àti ààbọ̀, á yí èèyàn po bí odò ṣe ń yí òkúta po. Ìdí nìyẹn tí họ́ọ̀nù fi gbọ́dọ̀ ga ju orí àwọn ajó lọ, nǹkan bíi mítà méjì, tí sọ́bùwúfà sì lè wà nílẹ̀. Tí a bá fi ti ògiri tàbí igun, béèsì rẹ̀ á tún pọ̀ sí i lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹni tó ń ra àlòkù, kó da ìka ọwọ́ méjèèjì sí ojú wúfà bí ó bá ṣeé dé, kó tì í wọlé jẹ́jẹ́, kó jẹ́ kó padà. Kò gbọdọ̀ ha. Bó bá ń ha, wáyà ẹ̀yìn rẹ̀ ti jó tàbí ó ti wọ́. Lẹ́yìn náà kó lu orin díẹ̀ ní ohùn kékeré, kó gbé etí sún mọ́ họ́ọ̀nù. Bí kò bá gbọ́ ṣaworo tínrín níbẹ̀, họ́ọ̀nù ti kú, wúfà nìkan ló ń kọrin.