Ẹ̀rọ Kò Mọ Obìnrin, Àfiwé Ló Ń Ṣe

Ìyá ọlọ́mọ kan kọ̀wé sí mi: “Ẹ gbà mí, wọ́n yọ fọ́tò tí mo ti ń fọ́mọ lọ́mú kúrò lórí ayélujára. Wọ́n ní ìhòòhò ni.” Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ kíkọ́ kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe máa dá àwòrán mọ̀, ọ̀rọ̀ náà dùn mí.

Ẹ̀rọ kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìyá. Ọ̀kẹ́ àìmọye àwòrán tí èèyàn ti kọ “ọkùnrin,” “obìnrin,” tàbí “ìhòòhò” sí lára ni a fi kọ́ ọ. Bí tuntun bá dé, á fi wé èyí tó ti rí, á sì fún un ní nọ́ńbà láàárín 0 àti 1, tó ń sọ bó ṣe dá a lójú tó. Iléeṣẹ́ ló ń pinnu ibi tí nọ́ńbà náà máa dé kí wọ́n tó yọ àwòrán. Àyà tí wọ́n bá kà sí tọkùnrin á kọjá. Èyí tí wọ́n bá kà sí tobìnrin di èèwọ̀.

Bẹ́ẹ̀, irú kíkà yìí kì í tọ̀nà fún gbogbo wa bákan náà. Ní 2018, àwọn olùwádìí méjì, Joy Buolamwini àti Timnit Gebru, fi ojú àwọn aṣòfin 1,270 láti Rwanda, Senegal, South Africa, Finland, Iceland àti Sweden dán ẹ̀rọ IBM, Microsoft àti Face++ wò, bóyá wọ́n á mọ ojú ọkùnrin yàtọ̀ sí tobìnrin. Lórí ọkùnrin aláwọ̀ fúyẹ́, àṣìṣe tó pọ̀ jù kò ju 0.8% lọ. Lórí obìnrin aláwọ̀ dúdú, ó dé 34.7%. Nínú àkójọ àwòrán kan tí àwa oníṣẹ́ fi ń dán ẹ̀rọ wò nígbà náà, 86.2% ojú ibẹ̀ ló jẹ́ ti aláwọ̀ fúyẹ́. Ta ni yóò wá rí àṣìṣe orí ojú dúdú?

Ní 2020, Instagram yọ fọ́tò Nyome Nicholas-Williams, afẹwàṣiṣẹ́ dúdú tó sanra ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó fi apá bo ọmú rẹ̀. Ariwo sọ, wọ́n yí òfin wọn lórí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ padà ní oṣù kẹwàá. Lọ́dún yẹn kan náà, Google ní ẹ̀rọ òun kò ní pe ẹnikẹ́ni nínú àwòrán ní ọkùnrin tàbí obìnrin mọ́, nítorí ìrísí nìkan kò tó fi mọ̀. Mo fara mọ́ ọn. Èdè tiwa gan-an kì í béèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin ká tó sọ pé “ó ń bọ̀.”

Òfin Facebook àti Instagram gba fífún ọmọ lọ́mú láyè, àti àpá ẹni tí wọ́n gé lọ́mú nítorí jẹjẹrẹ. Bí wọ́n bá yọ tiyín, ẹ ya àwòrán ìkìlọ̀ náà pa mọ́, kí ẹ sì tẹ ibi tí ẹ ti lè ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Ẹ má kàn tún un gbé sókè: ẹ̀rọ kan náà ni yóò tún kà á. Ìyá tó kọ̀wé sí mi ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì dá fọ́tò rẹ̀ padà lọ́jọ́ kejì.