Ìpolówó tó ń já lu ojú fóònù, àti update tó kọ̀ tí ò lọ

Ẹjọ́ méjì ló pọ̀ jù níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Lágéré, nílùú Ifẹ̀ níbí: áàpù tó ti ń kọ Pending látàárọ̀ tí ò fẹ́ update, àti fóònù tó jẹ́ pé wọn ò ṣí nǹkankan lórí ẹ̀ o, wọ́n kàn tan iná ẹ̀ ni, ìpolówó ti bo gbogbo ojú ẹ̀. Àwọn kan á ní network ni, àwọn míì á ní kí wọ́n kúkú bá àwọn fláàṣì ẹ̀ (ìyẹn kí wọ́n pa gbogbo inú ẹ̀ rẹ́, kí wọ́n tún un tò), wọ́n á sanwó, fọ́tò á lọ, nọ́ńbà á lọ, kò ní pẹ́ ìpolówó á tún dé, torí áàpù kan náà ni wọ́n tún padà lọ gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́.

Ìpolówó yẹn ò já bọ́ látòkè, áàpù kan tó wà nínú fóònù ló ń gbé e jáde. Ó lè jẹ́ tọ́ọ̀ṣì, ó lè jẹ́ èyí tó ní òun ń fọ fóònù mọ́, tàbí kíbọọ̀dù aláràbarà. Bí ìpolówó bá ṣe ń hàn lowó ń wọlé fẹ́ni tó ṣe é, ìyẹn ló ṣe gbé e síbi tójú ò ti lè yẹ̀ ẹ́. Àṣẹ tó sì ń lò sábà máa ń jẹ́ Display over other apps, ìyẹn àṣẹ láti yọ sórí áàpù míì, ẹni tó ni fóònù fúnra ẹ̀ ló fún un lọ́jọ́ tó ń tẹ Allow, Allow, Allow kó lè tètè parí. Lóṣù kejì ọdún 2020, Google yọ áàpù bíi 600 kúrò lórí Play Store nítorí irú ìwà yìí, àmọ́ èyí táwọn ọmọ Great Ife, akẹ́kọ̀ọ́ OAU, fi Xender (áàpù tí wọ́n fi ń gbé nǹkan láti fóònù sí fóònù) pín fúnra wọn nínú hostel ò gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé rárá.

Bí wọ́n ṣe ń mú un rèé. Tó bá ti yọ, ẹ má tíì máa wá X kékeré yẹn kiri (X míì gan-an, ìpolówó ni), ẹ tẹ bọ́tìnì tó ń fi àwọn áàpù tó ṣí hàn, ẹ ó rí àmì ẹni tó gbé e wá. Àwọn ọlọ́gbọ́n inú wọn á fi àmì funfun báláú síbẹ̀, kò lórúkọ. Ẹ wọ Settings, Apps, Special app access, ẹ wo àwọn tó gba àṣẹ yẹn. Messenger lè wà níbẹ̀, ó níṣẹ́ tó ń fi í ṣe, ṣùgbọ́n kí ni tọ́ọ̀ṣì ń wá níbẹ̀? Ẹ yọ ọ́ dànù. Tó bá ní òun ò lọ, ẹ yẹ Device admin apps wò, ó ti lè sọ ara ẹ̀ dọ̀gá níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gba oyè yẹn lọ́wọ́ ẹ̀. Tó bá jẹ́ òkè níbi notification ló ti ń yọ pẹ̀lú àmì Chrome, wẹ́ẹ̀bù kan tẹ́ ẹ tẹ Allow fún ni, inú Settings Chrome lẹ ó ti pa á.

Ti update ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ wo àyè tó kù nínú fóònù àti déètì ẹ̀, torí tí déètì bá ti lọ sẹ́yìn, Play Store lè má ṣí dáadáa. Lẹ́yìn náà, bí wọ́n ṣe ṣe Play Store ni pé kó dúró de Wi-Fi kó tó update fúnra ẹ̀, ó tún fẹ́ kí fóònù wà lórí ṣájà kẹ́nikẹ́ni má sì fọwọ́ kàn án. Nífẹ̀ níbí tó jẹ́ dátà lọ̀pọ̀ ń rà, tí NEPA bá sì mú iná wá, ta ni ò ní máa tẹ̀ ẹ́? Ẹ wọnú Settings Play Store kẹ́ ẹ ní kó lo dátà, tàbí kẹ́ ẹ máa tẹ Update fúnra yín.

Èyí tó wá ń ta kókó jù ni áàpù tí wọ́n pín yẹn. Gbogbo áàpù ló ní òǹtẹ̀ ẹni tó ṣe é, tí update bá dé, Android á fi òǹtẹ̀ tuntun wé ti àtijọ́, tí wọ́n bá ti tú inú áàpù yẹn tún tò níbì kan kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, méjèèjì ò ní bára mu, fóònù á kọ̀ ọ́ délẹ̀. Kéèyàn tẹ Update nígbà ogún, asán ni. Yíyọ ni kẹ́ ẹ yọ ti àtijọ́ kẹ́ ẹ gba òmíì lórí Play Store, ohun tó bá sì wà nínú ẹ̀ tẹ́ ẹ ṣì nílò, ẹ kọ́kọ́ kó o pamọ́, torí tẹ́ ẹ bá ti yọ áàpù yẹn, ó lè bá a lọ.