Ta ni “wọ́n” tó wà nínú “wọ́n ní”?

Ọmọ dókítà kan kọ̀wé sí mi nígbà kan. Àyọkà tí wọ́n kọ nípa bàbá rẹ̀ lórí Wikipedia èdè Yorùbá, ìwé ìmọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan sí, tí èmi náà jẹ́ olóòtú níbẹ̀, ló ń bí i nínú. Mo lọ wò ó. Gbólóhùn mẹ́ta péré ló sọ ibi tí dókítà náà ti kàwé àti ibi tó ti ṣiṣẹ́. Ìpínrọ̀ mẹ́rin gbáko ló wá dá lórí ẹ̀sùn tí aláìsàn kan fi kàn án, “wọ́n ní” ló sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Wọ́n ní ó gbowó. Wọ́n ní ó sá lọ. Kò sí ìtọ́kasí kan ṣoṣo. Mo pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ́ kí n tó dá ọmọ náà lóhùn. Lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ wọlé, ó kọ oríkì sí ojú ibẹ̀: “àgbà ọ̀jẹ̀ oníṣègùn tí kò lẹ́gbẹ́ nílẹ̀ adúláwọ̀.” Mo pa ìyẹn náà rẹ́. Láti ọjọ́ náà ni inú rẹ̀ ò ti dùn sí mi mọ́.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí ló dé tí mo fi yára pa nǹkan rẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣé kò yẹ kí n kọ́kọ́ wádìí ni. Tó bá jẹ́ nípa odò tàbí ìlú ni, mo lè lẹ àkíyèsí mọ́ ọn pé ó nílò ìtọ́kasí, kí n sì dúró. Ẹni tó wà láàyè yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ tó lè ba irú ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ́, tí kò sì ní orísun tó ṣe é gbára lé, pípa ni ká pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dá a padà ni kó lọ wá ẹ̀rí wá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí John Seigenthaler ló bí òfin yìí. Oníròyìn ọmọ Amẹ́ríkà ni, ó sì ti bá Robert Kennedy, àbúrò John Kennedy tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà, ṣiṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2005, ẹnì kan tí kò forúkọ sílẹ̀ kọ àyọkà nípa rẹ̀ lórí Wikipedia èdè Gẹ̀ẹ́sì pé ìgbà kan wà tí wọ́n rò pé ó lọ́wọ́ nínú pípa John Kennedy àti Robert àbúrò rẹ̀, àti pé ó lọ gbé ní Soviet Union láti 1971 títí di 1984. Irọ́ funfun báláú ni. Ẹ wo ọgbọ́n inú rẹ̀ ṣáá: kò sọ pé ó pa ẹnikẹ́ni. Ó ní “wọ́n rò pé,” ó tún fi kún un pé kò sí ẹ̀rí. Ó lé ní oṣù mẹ́rin tí ọ̀rọ̀ yìí fi wà níbẹ̀. Nígbà tí Seigenthaler kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn USA Today lóṣù Kọkànlá, ariwo ta. Ẹni tó kọ ọ́ jáde wá, ó ní òun fẹ́ fi pa ẹnì kan tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ lẹ́rìn-ín ni. Kí ọdún náà tó parí, ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ kò lè dá àyọkà tuntun sílẹ̀ lórí Wikipedia èdè Gẹ̀ẹ́sì mọ́, òfin nípa ìtàn ayé àwọn alààyè sì ti dáyé.

Èdè wa ní pańpẹ́ tirẹ̀. Tí a bá ń túmọ̀ àyọkà láti èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ tó fi hàn pé ẹ̀sùn lásán ni ló máa ń kọ́kọ́ já bọ́ lójú ọ̀nà. Ẹni tó jẹ́ afurasí lọ́hùn-ún á ti di ọ̀daràn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. “Ó ní” àti “ó jẹ́wọ́” kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà: ẹni tó jẹ́wọ́ ti jẹ̀bi ná. Ti ọ̀wọ̀ náà tún wà níbẹ̀. Mo ti rí àyọkà agbẹjọ́rò kan tó jẹ́ “wọ́n” ni gbogbo ìgbà tí wọ́n ń sọ nípa ẹ̀kọ́ àti oyè rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ ṣe dé orí owó oníbàárà tó di àwátì, kíá ló di “ó.” Kò sẹ́ni tó bú u, àmọ́ ẹni tó ń kà á ti mọ ibi tí òǹkọ̀wé dúró. Èmi máa ń lo “ó” láti òkè dé ìsàlẹ̀, àgbà ni o, ọmọdé ni o. Àwọn kan ń bá mi jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ka “wọ́n ní wọ́n gba owó náà,” ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ ọ́, ta ló sì gbà á?

Àwọn mìíràn rò pé àìṣègbè ni kéèyàn pín ọ̀rọ̀ sí méjì ọgbọọgba. Òwe wọn náà ni pé agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Òótọ́ ni, àmọ́ òwe náà ò sọ pé tí a bá ti gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì tán, ká pín ẹ̀bi sí méjì. Ẹ wo Andrew Wakefield, oníṣẹ́ abẹ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lóṣù Kejì ọdún 1998, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet lórí ọmọ 12 péré. Ìyẹn ló dẹ́rù ba àwọn òbí pé abẹ́rẹ́ àjẹsára MMR, tó ń dènà èéyi, ṣegede àti rubella, lè fa autism, ìyẹn ipò tí ọpọlọ ọmọ ti ń dàgbà lọ́nà tó yàtọ̀. Àwọn ìwádìí ńláńlá tó tẹ̀ lé e kò rí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2010, The Lancet fagi lé ìwádìí náà, General Medical Council, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ àwọn dókítà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn dókítà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ pe iṣẹ́ ọ̀hún ní jìbìtì. Wakefield ní òun kò ṣe ohun tó burú. Gbogbo èyí ló yẹ kó wà nínú àyọkà rẹ̀, títí kan pé ó sẹ́, àmọ́ gbólóhùn kan tó fún sísẹ́ náà. Tí a bá fún un ní ìdajì ojú ewé, irọ́ la pa fún ẹni tó gbé ọmọ dání tó ń kà á. Àfikún bíi “oníwọra” tàbí “apààyàn” kò sí nínú iṣẹ́ wa. Akọ̀wé kóòtù ni wá. Adájọ́ ti sọ̀rọ̀, a ti kọ ọ́ sílẹ̀, ó tó.

Ibi tó máa ń dùn mí jù ni ti ẹni tí ilé ẹjọ́ dá sílẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e lọ sí kóòtù, ojú ewé àkọ́kọ́ ni àwòrán rẹ̀ wà. Ọjọ́ tó jàre, inú kọ̀rọ̀ ojú ewé kọkànlá ni. Olóòtú tó kọ ti àkọ́kọ́ kì í sábà padà wá kọ ìkejì. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń kánjú kọ ẹ̀sùn ẹni tí kì í ṣe ìlú-mọ̀-ọ́n-ká rárá, bí ìwé ìròyìn tiẹ̀ gbé e.

Tó bá jẹ́ pé nípa yín tàbí èèyàn yín ni wọ́n kọ, ẹ má fọwọ́ ara yín tún un ṣe. Ẹ lọ sí ojú ewé ìfọ̀rọ̀wérọ̀ àyọkà náà, ẹ sọ ẹni tí ẹ jẹ́, ẹ tọ́ka sí gbólóhùn tó kù díẹ̀ káàtó, kí ẹ sì mú ibi tí wọ́n ti tẹ òótọ́ rẹ̀ jáde wá. Ẹni tó bá sì ń gbowó kọ ọ́ gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó ń sanwó fún un. Láti 2014 ni ìyẹn ti wà nínú àdéhùn lílò Wikipedia.

Ọmọ dókítà yẹn padà wá lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan. Ilé ẹjọ́ ti dá bàbá rẹ̀ láre, ó sì fi ẹ̀dà ìdájọ́ ránṣẹ́ sí mi. Mo bá a yọ̀, mo wá ṣàlàyé pé a kì í fi ìwé kóòtù nìkan gbe ọ̀rọ̀ alààyè lẹ́sẹ̀, àti pé ẹ̀sùn tí wọ́n dá a láre lé lórí kò tilẹ̀ sí nínú àyọkà mọ́. Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Ó ní ó dáa, àmọ́ ọdún tí a kọ pé wọ́n bí bàbá òun kò tọ̀nà. Mo bi í pé níbo ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí.