Kí ló ń ṣẹlẹ̀ tẹ́ ẹ bá yí ọ́ìlì ọ̀kadà láti mineral sí synthetic

Ohun tó máa ń já èèyàn láyà jù ni pé tí ọ́ìlì méjèèjì bá pàdé nínú ẹ́ńjìnì, wọ́n á dì bí ẹrẹ̀, ẹ́ńjìnì á sì nọ́ọ̀kì. Irọ́ ni o. Wọ́n máa ń pò pọ̀ dáadáa, ẹ̀yin náà ẹ wo agolo tí wọ́n kọ semi-synthetic sí, àwọn méjèèjì náà ni wọ́n pò sínú ẹ̀. Ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́ kù sí kọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti da ti tẹ́lẹ̀ nù ò lè fa nǹkan kan, torí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kẹrosíìnì fọ inú ẹ́ńjìnì yín torí pé ẹ fẹ́ yí ọ́ìlì, kẹrosíìnì tó bá kù síbẹ̀ ló máa sọ ọ́ìlì tuntun di omi lọ́jọ́ kìíní.

Ìyàtọ̀ wọn ò le. Mineral, epo rọ̀bì tí wọ́n sẹ́ ni, èròjà ńlá àti kékeré ló ṣì pò mọ́ra nínú ẹ̀, wọn ò dọ́gba. Synthetic, ilé iṣẹ́ ti fi kẹ́mísírì tún un tò débi pé èròjà ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà, torí ẹ̀ ni ooru ò fi ń tètè sè é dúdú, tí òtútù náà ò sì ń tètè mú un ki. Tẹ́ ẹ bá sítáàtì ẹ́ńjìnì tó ti sùn mọ́jú, ó tètè gòkè dé orí ẹ́ńjìnì níbi tí irin ti ń ha irin. Ẹ́ńjìnì tó jẹ́ pé atẹ́gùn nìkan ló ń tù ú, tí kò ní rádíétọ̀, ló máa jẹ àǹfààní yìí jù.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an ni kílọ́ọ̀ṣì, ohun tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnì fún jíà. Nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ò débi jíà, kò sì kan kílọ́ọ̀ṣì, àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ ọ̀kadà, ọ́ìlì kan ṣoṣo yẹn ló ń bójú tó ẹ́ńjìnì, jíà àti kílọ́ọ̀ṣì pọ̀. Tẹ́ ẹ bá tú kílọ́ọ̀ṣì ẹ̀, ẹ máa rí pléètì rìbìtì tí wọ́n tò léra, ọ̀kan ní nǹkan bíi páálí tó lẹ̀ mọ́ ọn lára, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ irin lásán, sípíríǹgì ló fún wọn pọ̀, inú ọ́ìlì ni wọ́n wà, síbẹ̀ wọ́n gbọ́dọ̀ di ara wọn mú. Wọ́n sì máa ń po nǹkan mọ́ púpọ̀ nínú ọ́ìlì ọkọ̀ kó lè túbọ̀ yọ̀, kí ọkọ̀ má bàa mu epo jù, nǹkan yẹn gan-an lọ̀tá kílọ́ọ̀ṣì ọ̀kadà. Ẹ máa mọ̀ ọ́n: ẹ wà ní jíà kẹrin, ẹ ń gun òkè, ẹ yí tọ́rótù, ẹ́ńjìnì ń pariwo, ìró ẹ̀ ń ròkè sí i, àmọ́ ọ̀kadà ò sáré ju bó ṣe ń sáré tẹ́lẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì ti ń yọ̀ nìyẹn. Wọ́n á ní synthetic ló fà á, synthetic ò mọwọ́ mẹsẹ̀, irú ọ́ìlì tí wọ́n rà ni.

Ẹ̀yìn agolo ni kẹ́ ẹ máa wò. Láti 1998 làwọn ará Jàpáànù ti gbé ìlànà JASO T903 kalẹ̀ torí kílọ́ọ̀ṣì yìí. MA, MA1 tàbí MA2 ni ti kílọ́ọ̀ṣì tó ń wẹ nínú ọ́ìlì, MA2 ló sì ń jẹ́ kó di ara ẹ̀ mú jù. MB ò sí fún un, ti àwọn sìkútà tí kílọ́ọ̀ṣì wọn gbẹ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá rí Energy Conserving tàbí Resource Conserving nínú àmì rìbìtì API, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn elépo rọ̀bì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹ dá a padà. Nọ́ńbà tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó, èyí tó wà nínú ìwé ọ̀kadà yín, bíi 10W-40 tàbí 20W-50, náà lẹ máa lò, synthetic ò yí ìyẹn padà.

Yíyí ẹ̀ fúnra ẹ̀ ò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ọ́ìlì lè ṣàn, ẹ tú nọ́ọ̀tì ìdí ẹ̀, ẹ ní sùúrù kó kán tán. Ẹ wo orí nọ́ọ̀tì yẹn tó bá ní mágínẹ́ẹ̀tì: ìdọ̀tí eérú tó kúnná bí àtíkè ò burú, àmọ́ tẹ́ ẹ bá rí èérún irin tí ọwọ́ lè ṣà, ẹ́ńjìnì ti níṣòro tí ọ́ìlì kankan ò lè wò sàn. Fílítà tuntun, wásà tuntun, ẹ da ọ́ìlì tó bí ìwé ṣe sọ, ẹ sítáàtì ẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n, kí ọ̀kadà sì dúró ṣánṣán, kó má fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ́ńjìnì tó ti gbó lè bẹ̀rẹ̀ sí í jò díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Síìlì ẹ̀ ló ti le, ìdọ̀tí ló ń dí ojú ẹ̀ látẹ̀yìn wá, ọ́ìlì tuntun wá fọ̀ ọ́ kúrò, síìlì náà lẹ máa pààrọ̀. Ọ́ìlì náà lè tètè dúdú, torí pé ó ń fọ inú ẹ́ńjìnì ni, torí ẹ̀ ó dáa kẹ́ ẹ tètè da ti àkọ́kọ́ yìí nù ṣáájú ìgbà tí ìwé sọ. Ọ̀kadà tuntun ní tiẹ̀, ẹ jẹ́ kó ṣe sáfíìsì àkọ́kọ́ ẹ̀ ná kí ríìnì písítìnì lè jókòó dáadáa, àyàfi tó bá jẹ́ synthetic ni wọ́n fi gbé e jáde. Èyí tó bá sì ti ń yọ èéfín búlúù tẹ́lẹ̀, tó ń jẹ ọ́ìlì, synthetic ò ní dá a dúró, ẹ kọ́kọ́ tọ́jú ríìnì àti síìlì fáàfù ẹ̀.