Ìjẹ Tí Ń Rìn: Ibi Tí Ọgbọ́n Pípa Bábẹ̀lì Ti Ṣẹ̀

Àwọn kan ń sọ ọ́ kiri pé ẹran agolo ló bí fífi ìjẹ tí ń rìn, ìyẹn ìjẹ orí ìwọ̀ tí ìṣàn omi ń yí lọ nílẹ̀ odò, pa ẹja bábẹ̀lì, pé ọgbọ́n ayé òde òní ni. N kò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. Ọmọ ọmọ ni wọ́n rí tí wọ́n ń pè ní baba ńlá. Ọgbọ́n yìí ti wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ agolo.

Ẹ wo ẹja náà fúnra rẹ̀ ná. Láti inú èdè Látìnì ni orúkọ rẹ̀ ti wá: barba, ìyẹn irùngbọ̀n. Mẹ́rin ni irùngbọ̀n ọ̀hún, méjì níwájú imú, méjì ní igun ẹnu, abẹ́ orí sì ni ẹnu wà. Inú omi tó ń sáré lórí tààrá ló fẹ́ràn nígbà ooru. Nínú irú omi bẹ́ẹ̀, oúnjẹ kì í jókòó de ẹja. Ìṣàn omi ní ń yí i gba orí òkúta kọjá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ju ìjẹ sínú irú omi yẹn, bó fẹ́ bó kọ̀, ìjẹ rẹ̀ á rìn.

Ẹ̀rí tí mo fẹ́ràn jù wà nínú ìwé ìpẹja tí Wynkyn de Worde tẹ̀ ní Westminster lọ́dún 1496, èyí tí wọ́n máa ń kà sí iṣẹ́ Juliana Berners. Ìwé náà ní bábẹ̀lì dùn, àmọ́ ẹran rẹ̀ léwu fún ara. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ìjẹ rẹ̀: kí a gé wàràkàṣì tútù wẹ́wẹ́ kó gùn tó ìwọ̀, kí a fi iná àbẹ́là yan án títí yóò fi pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kí a wá fi òwú ṣẹ́dà tí àwọn tó ń ṣe ọfà ń lò dì í mọ́ ìwọ̀. Kí ló dé tí wọ́n fi ní láti dì í? Ìjẹ tó kàn sùn sílẹ̀ lójú kan kò nílò òwú. Èyí tí yóò máa forí gbá òkúta kiri ló nílò rẹ̀. Ìwé kan náà tún ya okùn tó ń rìn nílẹ̀ odò sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó sùn sílẹ̀, ó sì sọ bí òjé tó ń mú ọ̀kọ̀ọ̀kan rì ṣe gbọ́dọ̀ rí. A kì í fún ohun tí kò sí lórúkọ. Èmi gbà pé ọgbọ́n náà ti dàgbà kí ìwé yẹn tó jáde, láyé tí wọ́n ń fi irun ìrù ẹṣin ṣe okùn tí wọ́n ń so mọ́ ṣóńṣó ọ̀pá, tí apẹja ń bá ìjẹ rẹ̀ rìn létí odò.

Níbo? Odò Trent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo fọwọ́ sọ̀yà fún. Izaak Walton, tó kọ̀wé lọ́dún 1653 pé bábẹ̀lì ń fi imú tú iyanrìn bí ẹlẹ́dẹ̀, Stafford ni wọ́n bí i sí, odò Sow tó gba ibẹ̀ kọjá sì ń dà sínú Trent. Ní Nottingham, ìlú tó wà létí Trent, ni wọ́n ti sọ kẹ̀kẹ́ okùn onígi di ohun tó ń yí fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀, tí omi nìkan lè máa fa okùn jáde lára rẹ̀, tí léfòó á fi bá ìṣàn lọ jìnnà. William Bailey, ará ibẹ̀, kọ ọ́ sínú ìwé lọ́dún 1857. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ekòló ni wọ́n ń dà sódò kí wọ́n tó ju ìwọ̀ rárá.

Àwọn ará Thames náà ń pa bábẹ̀lì, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òjé wúwo ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀. Ìjókòó nìyẹn. Ti àwọn tó ń pe odò Avon ti Hampshire ní orísun ọgbọ́n yìí kò tilẹ̀ gba ariyanjiyan: odò tó ń ṣàn síhà ìlà-oòrùn ni bábẹ̀lì ti jẹ́ onílé, nítorí àwọn odò yẹn ti bá odò Rhine ti Yúróòpù pàdé rí nígbà tí òkun kò tíì la ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ́tọ̀. Wọ́n gbé e lọ sí Avon ni.

Ìyókù kò pẹ́ sọ. Spam, ẹran agolo, dé lọ́dún 1937, ogun gbé e wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn apẹja sì rí i pé ó dúró dáadáa lórí ìwọ̀. Wọ́n da bábẹ̀lì sí odò Severn lọ́dún 1956. Lónìí ọ̀pọ̀ ń gbé ọ̀pá sórí ìdúró, wọ́n ń retí aago tí yóò dún bí ẹja bá jẹ ìjẹ.

Àwọn tí kò jáwọ́ ṣì wà. Wọ́n á gé ẹran agolo ní igun mẹ́rin, wọ́n á mọ ohun wúwo díẹ̀ mọ́ ọrùn ìwọ̀, wọ́n á jù ú sí òdìkejì, wọ́n á wá fi ìka kan gbé okùn. Òkúta á máa kàn án: kọ́, kọ́, kọ́. Nígbà tí kíkàn náà bá dákẹ́ lójijì tí okùn sì wúwo, wọ́n á gbé ọ̀pá sókè.