Bí wọ́n ṣe ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì láti mọ ìṣòro kó tó wá ojútùú

Ní ọdún 2007, ní Yunifásítì Stanford ní California, wọ́n gbé iṣẹ́ kan lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ́wọ́: kí wọ́n ṣe irú ẹ̀rọ tí wọ́n ń tẹ́ ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé sí nílé ìwòsàn kó lè máa móoru, ṣùgbọ́n kí owó rẹ̀ má ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún iye tí wọ́n ń tà á lọ. Nǹkan bí 20,000 dọ́là ni ẹ̀rọ náà. Jane Chen, Linus Liang, Rahul Panicker àti Naganand Murty wà lára ẹgbẹ́ yìí. Ohun tó máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn ẹni tó mọ ẹ̀rọ ni pé kí wọ́n tú u, kí wọ́n yọ ohun tó wọ́n nínú rẹ̀, kí wọ́n fi èyí tó pọ́ọ́kú rọ́pò. Dípò bẹ́ẹ̀, Liang wọ bàálù lọ sí Nepal. Ní ilé ìwòsàn kan ní Kathmandu, ó bá àwọn ẹ̀rọ náà nílẹ̀ tí kò sí ọmọ nínú wọn. Dókítà ibẹ̀ ṣàlàyé fún un pé abúlé ni wọ́n ti ń bí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó nílò rẹ̀, wọn kì í sì í yè dé ìlú.

Ìbéèrè yí padà níbẹ̀. Ó di pé báwo ni ìyá tó wà lábúlé tí kò ní iná mànàmáná ṣe lè mú kí ọmọ rẹ̀ móoru? Àpò ìsùn kékeré ni wọ́n ṣe níkẹyìn. Ohun kan tó dà bí ìda wà nínú rẹ̀. Wọ́n á mú un gbóná fún ìgbà díẹ̀, yóò sì wà ní ìwọ̀n 37 sẹ́ńtígíréèdì fún bíi wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìsí iná. Embrace ni wọ́n pè é.

Ọ̀nà ìkọ́ni tó bí iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní design thinking. David Kelley, ọ̀kan lára àwọn tó dá IDEO, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe àpẹẹrẹ ohun èlò tuntun, sílẹ̀, ló ṣáájú àwọn tó dá ibùdó rẹ̀ sílẹ̀ ní Stanford, èyí tí wọ́n mọ̀ sí d.school. Hasso Plattner, ọ̀kan lára àwọn olùdásílẹ̀ SAP, ilé-iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà ní Jámánì, ló fi owó gbé e dúró, ó sì ṣe irú rẹ̀ sí Potsdam ní 2007. Nígbà náà, d.school kì í fúnni ní oyè. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, ti ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ti okòwò á wá láti ẹ̀ka wọn, wọ́n á jókòó sí ẹgbẹ́ kan náà, nítorí ohun tí ọ̀kan kò rí, ẹlòmíì lè rí i.

Ìpele márùn-ún ni wọ́n sábà ń pín iṣẹ́ náà sí: wọ́n á lọ mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, wọ́n á sọ ìṣòro rẹ̀ ní gbólóhùn kan tó ṣe pàtó, wọ́n á kó oríṣiríṣi èrò jọ, wọ́n á ṣe ohun àdánwò, wọ́n á sì gbé e fún àwọn tí yóò lò ó. Ẹgbẹ́ tó ti dé ìkarùn-ún lè rí i pé ìkejì lòun ti ṣìnà, yóò sì padà síbẹ̀. Olùkọ́ tó bá yọ máàkì ẹgbẹ́ kan nítorí pé wọ́n padà sẹ́yìn ti ba ẹ̀kọ́ náà jẹ́.

Ìpele àkọ́kọ́ ló gba sùúrù jù. Wọ́n ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé kó má ṣe béèrè pé, "Ṣé ẹ máa ra irú nǹkan báyìí?" Nílẹ̀ Yorùbá, ìdáhùn ìbéèrè yẹn kò ní láárí rárá. Ìyá ọlọ́jà tí ọmọ yunifásítì kúnlẹ̀ kí kò ní fẹ́ já a kulẹ̀. Á ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀ o, ọmọ mi, Ọlọ́run á ràn yín lọ́wọ́." Àdúrà lọmọ náà gbà, kò tíì rí oníbàárà. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ gan-an ló yẹ kó béèrè: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìgbà wo nirú èyí ṣẹlẹ̀ sí yín kẹ́yìn? Kí lẹ ṣe sí i? Èló lẹ ná?" Lẹ́yìn náà kó dákẹ́, kó máa wo ọwọ́ ìyá náà lẹ́nu iṣẹ́.

Ká ní ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí. Èéfín àgbada ni yóò kọ́kọ́ ta wọ́n lójú, wọ́n á sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán ààrò tuntun. Bí wọ́n bá jókòó pẹ́, wọ́n lè rí i pé ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ lílọ̀ àti fífún, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ni wọ́n ṣì fi ń bẹ ẹ̀gẹ́, ibẹ̀ sì ni ọjọ́ ń lọ sí. Ẹ̀gẹ́ kò ní ìrísí kan: òmíràn wọ́, òmíràn tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀rọ tó bá bẹ ọ̀kan dáadáa á gé ara èkejì dànù. Bí ẹgbẹ́ náà bá wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé "a fẹ́ ṣe ẹ̀rọ tí ń bẹ ẹ̀gẹ́," wọ́n ti fi ìdáhùn sínú ìbéèrè. Gbólóhùn tó dára ju ìyẹn lọ ni pé, "àwọn obìnrin tí ń bẹ ẹ̀gẹ́ nílò ọ̀nà tí iṣẹ́ wọn yóò fi yá, láìfi ọ̀bẹ ṣe ara wọn léṣe, láìsọ ẹ̀gẹ́ nù." Ọ̀bẹ tó dára sí i lè jẹ́ ìdáhùn rẹ̀. Ìjókòó tó rọrùn lè jẹ́ ìdáhùn rẹ̀ pẹ̀lú.

Tó bá kan ohun àdánwò, páálí, rọ́bà àti aṣọ àlòkù ti tó. Ìdí tí wọ́n fi ń fi ohun yẹpẹrẹ ṣe é ni pé ẹni tó ti náwó nára sí nǹkan kì í fẹ́ gbọ́ pé kò dára. Nígbà tí ẹgbẹ́ Embrace gbé tiwọn lọ sí Maharashtra ní Íńdíà, nọ́ńbà ló ń fi ìwọ̀n ooru hàn lára rẹ̀. Ìyá kan níbẹ̀ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé oògùn òyìnbó le jù lójú òun, pé ìdajì ohun tí dókítà bá ní kóun lò lòun máa ń fún ọmọ. Bí wọ́n bá ní kó dé 37, yóò dín in kù. Ọmọ ìbá sì kú sínú ohun tí wọ́n ṣe láti gbà á là. Wọ́n yọ nọ́ńbà náà, wọ́n fi àmì tó kàn ń sọ pé ó ti tó tàbí kò tíì tó rọ́pò.

Orílẹ̀-èdè Benin tó múlé gbè wá wà nínú ìtàn kíláàsì yìí. Sam Goldman ṣiṣẹ́ sìn níbẹ̀ lábẹ́ Peace Corps, àjọ tó ń rán àwọn ará Amẹ́ríkà lọ ṣiṣẹ́ sìn nílẹ̀ òkèèrè, ó sì rí bí àtùpà kẹrosíìnì ṣe jó ọmọ aládùúgbò rẹ̀ gidigidi. Nígbà tó dé Stanford, òun àti Ned Tozun gbé ọ̀rọ̀ iná wọ kíláàsì kan náà, ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ d.light tó ń ta fìtílà onítànṣán oòrùn ti jáde.

Ní Nàìjíríà, ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì, gbé jáde ní 2022 sọ ẹ̀kọ́ okòwò méjì, ENT 211 àti ENT 312, di dandan fún akẹ́kọ̀ọ́ gbogbo ẹ̀ka. Ohun tí Stanford ń ṣe wàhálà láti kó jọ ti wà nínú gbọ̀ngàn tiwa: ọmọ Agíríìkì, ọmọ ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ọmọ èdè Yorùbá ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ó ń dunni pé ìwé àkàsórí àti ìdánwò ni wọ́n ń fi í ṣe níbi púpọ̀, tí wọ́n á ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ètò okòwò fún oníbàárà tí kò tíì bá sọ̀rọ̀ rí. NUC fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ètò ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan láti fi ohun tirẹ̀ sí i. Àyè wà níbẹ̀ láti pín wọn sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́fà-mẹ́fà, kí wọ́n ní kí wọ́n lọ sọ́jà, kí máàkì sì wà fún àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n gbọ́ àti ohun tí wọ́n yí padà lẹ́yìn tí wọ́n gbọ́ ọ.

Ibi tí ẹ̀kọ́ parí sí kọ́ ni okòwò parí sí. Lẹ́yìn kíláàsì 2007 yẹn, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ Embrace kó lọ sí Íńdíà, ó sì di 2011 kí ọjà wọn tó jáde níbẹ̀. Fún gbogbo ọdún yẹn, owó ni wọ́n ń wá, àyẹ̀wò ni wọ́n ń ṣe lórí ọjà náà. Yunifásítì tó bá fẹ́ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ òun ní láti fún ẹgbẹ́ tó bá rí nǹkan gidi ní yàrá, olùkọ́ tí yóò máa bójú tó wọn àti owó díẹ̀, lẹ́yìn tí máàkì ENT 312 bá ti jáde.